Ohun Tí Mo Gbọ́ Nínú Ariwo Gìtá Ọmọ Mi ní Barking

Gbogbo ẹni tó bá pàdé mi ní Ṣàgámù láti ìgbà tí mo ti dé ló ń bi mí pé, "Ìyá Dáre, ìlú òyìnbó ńkọ́?" Bí mo bá ní ó dára, wọn á ní mo ń fi nǹkan pamọ́. Bí mo bá ní kò yé mi, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní ọmọ Rẹ́mọ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́, kí n lè fi ẹnu sinmi. Ẹ má retí pé kí n sọ bí bàlúù ṣe gbéra tàbí ohun tí wọ́n fún wa jẹ lójú ọ̀run. Ohun tó gbé mi lọ ni mo fẹ́ sọ. Mo lọ dájọ́ fún ẹgbẹ́ olórin kan tí n kò gbọ́ orin wọn rí.

Ọ̀rọ̀ náà lọ báyìí. Dáre, ọmọ mi kan ṣoṣo, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí àbúrò mi Fúnmi mú un lọ sí London. Ó ti di ọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógójì báyìí. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ tí òun àti ọmọbìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Gemma dá sílẹ̀. Gemma ló ń lu ìlù. Ọyẹ́ ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà, nítorí Dáre ní ọyẹ́ Ṣàgámù ni òun rántí jù nínú ìgbà kékeré òun. Lọ́dún yìí, ohun méjì já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìwòsàn kan fẹ́ gbà á síṣẹ́ gidi, iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe. Lọ́sẹ̀ kan náà, àwọn kan ní kí Ọyẹ́ wá fi odidi ọdún kan kọrin káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Kò lè ṣe méjèèjì. Ló bá sọ fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé, "Daddy, kí Màmá wá gbọ́ wa. Anything tí wọ́n bá sọ, I'll do it."

Bàbá Dáre kò jẹ́ kí etí mi sinmi láti ọjọ́ náà. "Lọ gbọ́ ọ," ó ní, "kí o sì sọ fún un pé kó jáwọ́. Ẹnu rẹ ni yóò gbọ́."

Àlejò tí wọ́n ń bi ní ọ̀nà

Mo ti múra sílẹ̀ láti jẹ́ àjèjì. Mo ti fi ẹnu kọ́ bí n ó ṣe máa bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n júwe ọ̀nà fún mi. Àfi bí mo ṣe dé ọjà East Street ní Barking tí n kò rí ilẹ̀ àjèjì náà mọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó kí mi ni ọkùnrin kan lábẹ́ tapólì, ó ní, "Mummy, ẹ káàárọ̀ o, iṣu wà, original Abuja yam." Kò pẹ́ sí i, obìnrin kan tó fi ìborùn dúdú bo orí dá mi dúró, ó ní níbo ni òun ti máa wọ ọkọ̀ lọ sí Dagenham. Èmi tí mo dé lánàá! Mo na ìka sí ibi tí ọkọ̀ pọ̀ sí jù, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Títí di òní mo ń gbà á ládùúrà pé kó ti délé.

Ìwà wọn kò sì yé mi. Bàbá arúgbó kan fi àpò rẹ̀ gbá mi lọ́jà, ó ní "sorry." Èmi náà ní "sorry." Ó tún ní "sorry." À ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wa bí ẹni tó ń nájà, kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n lórí àtẹ̀gùn ilé tí Dáre ń gbé, mo kí obìnrin tó wà ní ìsàlẹ̀ wa fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko, kò sí ọjọ́ kan tó gbójú sókè kúrò lórí fóònù rẹ̀. Mo fi ẹjọ́ sun Fúnmi.

"Sister mi," Fúnmi ní, "ẹ má kí wọn lórí stairs mọ́. They'll think ẹ fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn."

Níbi tí a ti bọ́ bàtà

Ẹ̀bá Chadwell Heath ni Fúnmi ń gbé, àmọ́ kì í pa ọjọ́ Àìkú jẹ ní ìjọ wa ní Barking. Gbọ̀ngàn kan ni, ó wà láàárín ilé tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà àti ilé àwọn tó ń ta pákó. A wọ aṣọ funfun wa, a bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Otútù ilẹ̀ náà gun orí eékún mi. Síbẹ̀, inú mi dùn, nítorí mo mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ iṣẹ́ mi ní ìjọ, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀. Títẹ ìwé ni mo ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní ìjọ, akọ̀wé ìran ni mí láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bí ẹ̀mí bá gbé aríran, èmi ni mo máa ń kọ ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde. N kì í yọ kúrò, n kì í fi kún un. Ẹni tí ẹ̀mí gbé kì í mọ ohun tí òun sọ. Bí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ á máa béèrè pé, "Kí ni mo wí?" Ìgbà náà ni akọ̀wé á kà á síta. Agogo lè máa dún, kí ogún ènìyàn máa pariwo Hosanna, etí mi á ṣa ohùn aríran náà jáde bí a ṣe ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Ní ìjọ ti Barking, fóònù ni ọmọdébìnrin tó ń kọ ìran fi ń kọ ọ́. Mo bi í pé ṣé fóònù náà kì í fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

"It does, Grandma," ó ní, "but I always check."

Mo mi orí. Mo tọ́jú ìwé àti bírò tèmi sínú báàgì.

Àwo mẹ́rin àti ìkòkò ẹ̀wà kan

Ọyẹ́ ti ṣe àwo orin mẹ́rin. Mo ní kí wọ́n gbé e sí i fún mi láti orí èyí tó dàgbà jù, nítorí agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. A jókòó ní kíṣìnì Dáre lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi, òun àti Gemma. Gemma ga, ó rù, irun rẹ̀ sì pupa bí epo. Ní Dagenham ni wọ́n bí i, ilé iṣẹ́ mọ́tò ibẹ̀ ni bàbá bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́.

Àwo àkọ́kọ́ yé mi. Gìtá ìjọ ni. Ohun tí Fúnmi máa ń jó sí níbi ìdúpẹ́ ni mo gbọ́, Gemma kàn ń lù ú yára ju bó ṣe yẹ lọ ni. Mo jó díẹ̀ lórí àga.

Kí wọ́n tó ṣe ìkejì, Dáre ti ra àwọn àpótí irin kéékèèké tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Bó bá tẹ ọ̀kan, gìtá á máa kùn bí oyin nínú agolo. Bó bá tẹ òmíràn, ohun tó ti ta kọjá á tún padà wá, á tún padà wá. Mo ní kí wọ́n dín in kù. Wọ́n dín in kù, kò sì yàtọ̀.

Ìkẹta ló dá mi lágara. Orin kan ṣoṣo ló gba ojú kan àwo náà. Mo gbé ẹ̀wà kaná, ẹ̀wà ń hó, orin kò tíì ní orí.

"Dáre," mo ní, "ìgbà wo ni orin yìí máa bẹ̀rẹ̀?"

"Màmá, ó ti start since."

"Ta ló ń kọ ọ́?"

"No one. Guitar tí a play backwards nìyẹn."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń dá a padà sẹ́yìn? Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan síbẹ̀ ni?"

Dáre túmọ̀ rẹ̀ fún Gemma. Gemma rẹ́rìn-ín títí ó fi di fíríìjì mú.

Ìkẹrin, èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, ni kò yé mi jù, òun náà ni kò sì kúrò lára mi. Ariwo ti lọ. Gìtá kan á sọ nǹkan, á dákẹ́, á tún un sọ. Ìlù Gemma jìnnà bí ẹni tó ń gúnyán nílé kejì. Ohùn Dáre wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tí n ó fi mọ̀, mo ti káwọ́ lérán, omi sì ti bọ́ lójú mi. Inú bí mi, nítorí n kò mọ ohun tí mo ń sunkún sí. Ibẹ̀ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé kí wọ́n lọ sí Yúróòpù wọn, kí n wá nǹkan sọ fún Bàbá Dáre.

"Kí ni wọ́n ń pe irú orin yìí gan-an?" mo bi í.

"Psychedelic rock, Màmá."

"Yorùbá rẹ̀ ńkọ́?"

Ó ronú díẹ̀. "Orin tó máa ń jẹ́ kéèyàn máa rí nǹkan. Like, visions."

"Igbó ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń mu ún?"

"Mum! Èmi tí mo ní asthma?"

Ọkàn mi balẹ̀ lórí ìyẹn. Mo wá bi í ní èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù. "Ìran tí ẹ wá ń rí yìí, ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Kọ kí ni?"

"Ọdún mọ́kànlá, Dáre. Ẹ ò ní akọ̀wé?"

Ó wò mí, ó wo Gemma. Mo yọ ẹ̀wà kúrò lórí iná.

Oúnjẹ Gemma

Lọ́jọ́ kejì, Gemma ní òun fẹ́ fún mi ní oúnjẹ ilé àwọn. Ẹran lílọ̀ ni wọ́n fi ìyẹ̀fun dì, wọ́n fi ànàmọ́ tí wọ́n gún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n wá da ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé kan lé e. Mo rò pé ilá ni. Mo fi ṣíbí gbé e sókè bóyá yóò yọ̀, kò yọ̀. Kò sí ata níbẹ̀ rárá, ọtí kíkan ni Gemma bù sí i. Mo jẹ ẹ́ tán, nítorí ọmọ náà kò gbé ojú kúrò lẹ́nu mi. Lóòótọ́ ni mo sọ pé ìyẹ̀fun rẹ̀ dùn. Ìyókù, mo fi ọwọ́ ìfẹ́ gbà á.

Nígbà tí a ń fọ abọ́, ó sọ fún mi pé òun ti fi iṣẹ́ tí òun ń ṣe sílẹ̀ nítorí ìrìn-àjò Yúróòpù. Ó ní ohun yòówù tí mo bá sọ, òun kò ní bínú. Abọ́ tó ti gbẹ ló tún ń nù. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Dagenham, nítorí náà mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé ní Eastbury

Gbọ̀ngàn àdúgbò kan ní Eastbury ni wọ́n ti ta á fún mi gbọ́, ní aago méjì ọ̀sán. Mo rò pé àwọn ọ̀dọ́ ni n ó bá níbẹ̀. Àwọn bàbá onírùngbọ̀n funfun ló pọ̀ jù, wọ́n dúró, wọ́n ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn tó bà á nínú jẹ́. Kò sí ẹni tó jó. Wọ́n gbé àga fún mi sí iwájú pátápátá. Fúnmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti fi òwú di etí rẹ̀.

Wọ́n fi orin inú àwo àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀ wá sí ti ìsinsìnyí. Mo ti mọ ọ̀nà náà díẹ̀. Ìdájọ́ mi ti wà lẹ́nu mi: máa lọ, ọmọ mi. Ìgbà tó kan orin ìkẹyìn ni Dáre bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè mọ àwọn àpótí náà dáadáa ni. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo rí ọmọ mi láìwọ bàtà, ojú rẹ̀ dì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́ lójú ẹ̀rọ tí wọ́n ń kọrin sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ìjọ, kí ni ẹ̀yin ìbá rò? Kí orí mi tó mọ̀, ọwọ́ mi ti yọ ìwé àti bírò jáde.

Fúnmi sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Sister mi, kí lẹ ń ṣe? This is not church o."

"Dákẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀."

Ó sì ń sọ̀rọ̀. Àwọn àpótí náà ń gé ohùn rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n ń dà á síta lọ́tùn-ún lósì, ìlù Gemma sì bo ìyókù mọ́lẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé ohùn lásán ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni, Yorùbá Ṣàgámù tó ti gbé dání láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ń kọ, n kò kà á. Akọ̀wé tó bá ń ka ohun tó ń kọ, èyí tó ń bọ̀ á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá onírùngbọ̀n kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi mí pé ìwé ìròyìn wo ni mo ń kọ ọ́ fún. Mo ní Ṣàgámù. Ó fi ọ̀wọ̀ mi orí, ó sún sẹ́yìn fún mi.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, mo wo ohun tí mo kọ. Mo pa ìwé náà dé. Dáre sáré sọ̀kalẹ̀ wá, òógùn bò ó, Gemma wà lẹ́yìn rẹ̀.

"So, Màmá? Kí lẹ rí sí i?"

Ìdájọ́ tó ti wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Mo ní, "Lọ́la."

Kíkà rẹ̀

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo pe àwọn méjèèjì jókòó ní kíṣìnì. Mo sọ fún Dáre pé ohun tí ó sọ nínú orin ìkẹyìn ni mo fẹ́ kà fún un.

"Màmá, kò sí words nínú orin yẹn. I just make sounds."

Mo wọ awò ojú mi, mo sì kà á bí mo ṣe kọ ọ́.

"Ó ti rẹ̀ mí. Ọwọ́ ń dùn mí. Ó ti rẹ̀ mí láti ọdún tó kọjá. Gemma ń fẹ́ lọ. Mi ò lè sọ fún Gemma. Màmá, ẹ bá mi sọ ọ́. Ẹ ní kí n má lọ. Ó ti rẹ̀ mí."

Dáre ní, "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"O sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni o sọ pé ó ti rẹ̀ ọ́."

Ó gba ìwé náà, ó wò ó pẹ́. Kò lè ka Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n ó rí orúkọ Gemma níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "I swear," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "mi ò mọ̀ pé mo sọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń wí," mo ní.

Gemma ní kí ni mo kà. Dáre wò mí bóyá n ó gbà á sílẹ̀. N kò gbà á sílẹ̀. Ló bá túmọ̀ rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láì gbójú sókè. Gemma fi ọwọ́ gbá a léjìká, ó pè é ní idiot, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó yára ju etí mi lọ. Mo rí i pé ó ń sunkún. Mo ní kí Dáre sọ ohun tó wí fún mi.

"Ó ní òun náà ò fẹ́ lọ. Ó ní because of me ni òun ṣe gbà. Ó ní òun rò pé ó máa pa mí tí a bá stop."

Àwọn ọmọ wọ̀nyí! Ẹni kìíní ń lọ nítorí ẹnì kejì, ẹnì kejì ń lọ nítorí ẹni kìíní, èmi náà sì ti fẹ́ fi ẹnu ara mi tì wọ́n lọ nítorí pé àwo kan pa mí lẹ́kún.

"Ẹ sọ ọ́ now, Màmá," Dáre ní. "Kí n lọ, àbí kí n má lọ?"

"Akọ̀wé ni mí, Dáre. N kì í fi tèmi kún un."

"Màmá, ẹ kì í ṣe secretary mi. Ìyá mi lẹ jẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi níbi tó dùn mí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi ẹnu àwọn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi gan-an, ẹnu bàbá rẹ̀ ni mo gbé wá. Mo yọ awò ojú mi.

"Má lọ," mo ní. "Orin yín kò burú. Kò yé mi, mo sì fẹ́ràn èyí tó kẹ́yìn, má bi mí nídìí. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ọ́. Gba iṣẹ́ yẹn, kí o sinmi. Bí ọwọ́ rẹ bá tún ń wá gìtá, kò sí ẹni tó gbé e sá."

Ó gbé orí lé tábìlì. Mo fi ọwọ́ lé e lórí, irun rẹ̀ ti ń hewú díẹ̀díẹ̀, n kò sì sí níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ìjọ tiwa, ẹni tí a bá ka ìran fún máa ń fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, láti fi hàn pé ó ti gbọ́. Dáre fọwọ́ sí i. Gemma na ọwọ́ fún bírò náà. Mo sọ fún un pé ìran Dáre ni. Ó ní tòun náà ni, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ti Dáre.

Ilé

Ẹ ó rí i pé ohun tí wọ́n rán mi ni mo ṣe gẹ́lẹ́. Kí ló wá dé tí inú mi kò dùn bó ṣe yẹ? Dáre ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ó ní òun ń sùn dáadáa. Gemma náà ti rí iṣẹ́ míràn. Síbẹ̀ mo ń gbọ́ àwo kẹrin yẹn lórí fóònù mi ní ìdákọ́ńkọ́, mo sì ń bi ara mi léèrè bóyá mo ti pa ohun kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ nínú yín, kó wá sọ fún mi.

Lọ́jọ́ tí mo dé, Bàbá Dáre wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Kò tíì gba ẹrù lọ́wọ́ mi tó fi bi mí pé, "Ṣé o sọ fún un?"

Mo ní, "Òun ló sọ fún mi."